Ẹrù Tí Ó Wọ́: Ìtumọ̀ àti Orírun Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ‘Lopsided’

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń fún àwọn tí ń túmọ̀ èdè ní wàhálà, kì í ṣe àwọn tí ó gùn ni ó burú jù. Ọ̀rọ̀ gígùn a máa dẹ́rù bani, ẹni tí ẹ̀rù bá sì bà yóò lọ wo ìwé atúmọ̀-èdè. Àwọn ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn rò pé àwọn ti mọ̀ ni ó ń ṣini lọ́nà. Ọ̀kan nínú wọn ni ‘lopsided’. Àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà a máa lò ó nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan pípín ipò, pípín owó, tàbí ìṣètò ìjọba àpapọ̀. Bí ó bá wá di pé kí a sọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹni tí ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, tàbí kí ọmọ ilé-ìwé kọ ọ́ sínú iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni ó sábà máa ń gbà jáde. Àwọn kan a ní ohun náà ‘kò dọ́gba’. Àwọn kan a ní ‘ojúsàájú’ wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn a ní ohun tí a ‘gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kúrò’ ni. Àléébù wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àléébù ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ sí ti èkejì.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò tó nǹkan, kí ó rántí pé ẹ̀sùn ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá lò ó ń fi ẹ̀sùn kan ètò kan tàbí ohun kan. Bí ẹ̀sùn bá sì yí padà lẹ́nu ògbufọ̀, èsì tí a ó fún un yóò yí padà, ìdájọ́ pẹ̀lú kò sì ní í tọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà rí, kí a tó béèrè èwo nínú àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ó lè dúró fún un.

Ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì so pọ̀ tí ó di ‘lopsided’. Èyí tí ó kẹ́yìn, ‘side’, kò ní ìṣòro kankan: ẹ̀gbẹ́ ni. Èyí tí ó ṣáájú ni ó ní ìtàn. ‘Lop’ méjì ni ó wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bákan náà ni a ń kọ wọ́n tí a sì ń pè wọ́n. Ọ̀kan ni iṣẹ́ ẹni tí ń fi àdá gé ẹ̀ka kúrò lára igi. Èkejì ni kí nǹkan so rọ̀, kí ó máa fì, kí ó má lè gbé ara rẹ̀ dúró. Èkejì yìí ni wọ́n lò fún ehoro tí etí rẹ̀ kò nà sókè bí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó so rọ̀ sí ẹ̀bá orí. ‘Lop-eared’ ni wọ́n ń pe irú ehoro bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gé etí ehoro náà. Etí náà pé. Kò kàn lè dúró ni.

Láti ara ‘lop’ ti etí ehoro ni ‘lopsided’ ti jáde, kì í ṣe láti ara ‘lop’ ti àdá. Olùkọ́ tí ó bá ń sọ fún àwọn ọmọ pé ohun tí a gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ti gba ọ̀nà ibòmíràn lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe náà kì í sì í ṣe kékeré. Ohun tí a gé ní ẹ̀gbẹ́ kan ti pàdánù nǹkan, aláàbọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ‘lopsided’ lè pé pérépéré, kí ohunkóhun má dín lára rẹ̀. Àléébù rẹ̀ kò sí nínú iye ohun tí ó ní, bí kò ṣe nínú bí ó ti gbé e.

Ọkọ̀ òkun ni wọ́n kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà fún. Ní 1711 ni a ti rí i nínú ìwé, ‘lapsided’ sì ni wọ́n ń kọ ọ́ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń kan ọkọ̀ ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọkọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan wúwo ju èkejì lọ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè jókòó déédéé lórí omi. Ó yẹ kí a kíyè sí ohun kan níhìn-ín. Kò sí ọkọ̀ tí kì í fì bí ìjì bá ń jà, ìyẹn nìkan kò sì sọ ọ́ di ‘lopsided’. Bí ìjì bá lọ, ọkọ̀ rere a tún ara rẹ̀ gbé dúró. Èyí tí ó bá ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí omi dákẹ́ rọ́rọ́, tí kò sí afẹ́fẹ́ tí a lè dá lẹ́bi, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ náà bá wí. Inú bí a ti kàn án, tàbí bí a ti di ẹrù rẹ̀, ni àìdára rẹ̀ ti wá.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó fi èyí hàn kedere, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Sweden ni ó ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì ṣáájú ìgbà tí a kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé. Ọba Gustavus Adolphus ní kí wọ́n kan ọkọ̀ ogun ńlá kan fún òun, Vasa ni orúkọ rẹ̀, àgbá 64 ni ó sì gbé. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1628, ọkọ̀ náà ṣí kúrò ní èbúté Stockholm fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò tíì lọ tó kìlómítà méjì tí afẹ́fẹ́ fi fẹ́ lù ú, tí ó tẹ̀, tí omi gba ojú ihò àgbá wọlé, tí ó sì rì lójú gbogbo ènìyàn. Kí ó tó ṣí, wọ́n ti dán an wò: wọ́n ní kí ọgbọ̀n ọkùnrin máa sáré láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n sáré kí wọ́n tó dá wọn dúró, nítorí pé ọkọ̀ náà ń fì ju bí ó ti yẹ lọ.

Àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ gbà pé wíwúwo òkè rẹ̀ ni olórí ohun tí ó rì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e jáde láti inú omi ní 1961, tí àwọn onímọ̀ sì wọn igi ara rẹ̀ lẹ́yìn náà, ohun mìíràn tún hàn. Igi tí ó wà ní apá òsì rẹ̀ pọ̀ ju ti apá ọ̀tún lọ, bí ẹrù kò bá sí nínú rẹ̀, apá òsì ni ìbá máa tẹ̀ sí. Wọ́n tún rí ọ̀pá ìwọ̀n mẹ́rin tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà lò. Méjì nínú wọn jẹ́ ti ẹsẹ̀ bàtà Sweden, tí ó jẹ́ íǹṣì 12. Méjì yòókù jẹ́ ti ẹsẹ̀ bàtà Amsterdam, tí ó jẹ́ íǹṣì 11. Ìwọ̀n òṣìṣẹ́ kan kò bá ti ẹnì kejì rẹ̀ mu, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn ń kàn.

Bí a bá fi ọkọ̀ yìí wo ìtumọ̀ kejì, èyí tí ó pe ‘lopsided’ ní ojúsàájú, a ó rí i pé kò dúró. Ojúsàájú jẹ́ ìwà. Ọkàn ènìyàn ni ó ti ń jáde, ẹni tí ó bá ṣe é sì mọ̀ pé òun ṣe é. Kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí ó kórìíra apá ọ̀tún ọkọ̀ Vasa. Olúkúlùkù ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ti sọ fún un, síbẹ̀ ọkọ̀ náà tẹ̀. Lóòótọ́, ojúsàájú lè mú kí nǹkan di ‘lopsided’, gẹ́gẹ́ bí àìmọ̀, ìkánjú, tàbí àìfikùnlukùn náà ti lè mú un wá. Ẹni tí ó bá fi ojúsàájú túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà ti dá ẹjọ́ tí ẹni tí ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kò tíì dá. Ó ti wọ inú ọkàn ẹlòmíràn lọ, nígbà tí òǹkọ̀wé náà kò sọ ju ohun tí ojú rí lọ.

Ìtumọ̀ kìíní, ‘kò dọ́gba’, ni ó kù, òun ni ó sì wọ́pọ̀ jù. Kí a lè mọ àbùkù rẹ̀, ó dára kí a fi ‘lopsided’ wé ìbátan rẹ̀ kan, ‘unbalanced’. Inú èdè Látìnì ni ‘balance’ ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni òṣùwọ̀n aláwo méjì. Òfin òṣùwọ̀n ni pé kí ohun tí ó wà nínú awo kìíní dọ́gba pẹ̀lú ohun tí ó wà nínú awo kejì. Bí kò bá dọ́gba, ẹnìkan ti rẹ́ ẹnìkan jẹ. Ọ̀rọ̀ ọjà ni èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi ni ‘lopsided’. Ọkọ̀ kò bèèrè pé kí ẹrù ọ̀tún àti ti òsì jẹ́ irú kan náà tàbí iye kan náà. A lè kó àpò ìyẹ̀fun ogún sí apá kan, kí a kó àgbá omi mẹ́ta sí apá kejì, kí ọkọ̀ sì jókòó pẹ̀sẹ̀. A sì lè pín àpò ogún sí mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí a to ti ìhín mọ́ etí ọkọ̀, kí a to ti ọ̀hún sí àárín, kí ọkọ̀ sì tẹ̀. Ohun tí ó dọ́gba lè tẹ̀; ohun tí kò dọ́gba lè dúró. Nítorí náà ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni àìdọ́gba, ọ̀nà ọ̀tọ̀ sì ni ohun tí ‘lopsided’ ń wí.

Èwo wá ni ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó bá a mu? Àwọn mẹ́ta ni ó sún mọ́ ọn. ‘Fì’ ni èkíní. Ó dára púpọ̀ fún gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ohun tí ó so rọ̀ ni í máa ń fì, a sì ń sọ nípa àjálù pé ó ń fì dùgbẹ̀dùgbẹ̀ lórí ẹni. Ṣùgbọ́n ìrìn wà nínú ‘fì’. Ohun tí ó ń fì sí ìhín lè fì sí ọ̀hún láìpẹ́. Èkejì ni ‘wọ́rọ́kọ́’, bí a ti ń sọ pé igi wọ́rọ́kọ́ ni í da iná rú. Ara igi yẹn fúnra rẹ̀ ni ó ká kò. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ méjì nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ‘wọ́’, òun ni a ń lò fún ẹrù tí kò jókòó dáradára lórí ẹni tí ó rù ú.

‘Wọ́’ yìí ni ó bá ‘lopsided’ mu jù lọ, ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ará erékùṣù, ọkọ̀ òkun ni wọ́n fi ń kó ọjà wọn, láti inú ọkọ̀ sì ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Orí ni àwọn Yorùbá fi ń ru ẹrù lọ sí oko àti sí ọjà, láti ara ẹrù orí àti òṣùká sì ni tiwọn ti wá. Ẹrù tí ó wọ́ kò dín ní ìwọ̀n. Iye iṣu tí ó wà nínú apẹ̀rẹ̀ kò yí padà. Ọrùn ẹni tí ó rù ú ni ó ń jìyà, òun sì ni yóò ṣubú bí a kò bá tún un dì.

Òwe kan sì wà tí ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí tán. Wọ́n ní, “Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́.” Ó ní, “Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀.” Nínú gbólóhùn méjì yìí ni iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe wà, pẹ̀lú iṣẹ́ tí òun kò lè ṣe. Àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí. Bí wọ́n bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ‘lopsided’ ni wọn ìbá lò. Amúkùn-ún kò jiyàn pé ẹrù òun wọ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí wọ́n má dúró sórí ẹrù, kí wọ́n wo ẹsẹ̀ tí ó gbé e. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ohun tí ó wọ́ hàn. Òwe Yorùbá bèèrè ibi tí ó ti wọ́ wá.

Ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti di ọ̀ràn ńlá ni ìtàn ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà láti 1954 títí di 1967, èyí tí àwọn òǹkọ̀wé ìṣèlú sábà máa ń pè ní ‘lopsided’. Ẹkùn Àríwá nìkan ní ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilẹ̀ Nàìjíríà lọ, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì lé ní ìdajì gbogbo ará ìlú. Nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ti 1954, ìjókòó 184 ni ó wà, 92 sì jẹ́ ti Àríwá. Ní ìdìbò 1959, ìjókòó di 312: Àríwá 174, Ìlà-Oòrùn 73, Ìwọ̀-Oòrùn 62, Èkó 3. Bí gbogbo ìhà gúúsù bá pa ohùn wọn pọ̀ láìku ẹnìkan, 138 ni wọn yóò jẹ́.

Bí ògbufọ̀ bá sọ fún àwọn olùgbọ́ pé ẹ̀sùn tí a fi kan ètò yìí ni pé àwọn ẹkùn náà ‘kò dọ́gba’, èsì ti wà nílẹ̀, òwe Yorùbá ni yóò sì fi fọ̀: ìka kò dọ́gba. Ẹni tí ó ní ènìyàn púpọ̀ ni yóò ní aṣòfin púpọ̀. Kí ni ó burú níbẹ̀? Èsì náà tọ́, ẹ̀sùn náà sì tú ká. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ẹ̀sùn tí ó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ‘lopsided’ wí ni pé ẹ̀gbẹ́ kan nínú ọkọ̀ náà lè borí gbogbo ìyókù pa pọ̀, nítorí náà ọkọ̀ náà yóò máa tẹ̀ sí ibì kan náà nígbà gbogbo, ìjì ìbáà jà, ìbáà má jà. John Stuart Mill ti kìlọ̀ fún àwọn tí ń dá ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ ní 1861 pé kò yẹ kí ìpínlẹ̀ kan lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù figagbága nígbà tí wọ́n bá pa pọ̀. Ìka kò dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìka kan lọ́wọ́ tí ó tóbi ju mẹ́rin yòókù lọ.

Bí ògbufọ̀ bá sì pè é ní ojúsàájú, ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ará ilé kan náà. Àgbẹ̀ tí ó ń gbé Kánò ní 1959 kò pín ilẹ̀ fún ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìmọ̀ràn amúkùn-ún, tí ó wo ìsàlẹ̀, yóò rí i pé ní 1939 ni ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì pín ìhà gúúsù sí méjì, tí wọ́n sì fi Àríwá sílẹ̀ ní odindi. Nígbà tí ó sì di 1963, tí a tún fẹ́ dá ẹkùn kan sílẹ̀, ara Ìwọ̀-Oòrùn ni a ti gé ti Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn jáde. Ẹ̀gbẹ́ tí ó fúyẹ́ ni a tún ń pín sí wẹ́wẹ́. Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni ìjọba Yakubu Gowon tó tú ẹrù náà kalẹ̀, tí ó sì tún un dì sí ìpínlẹ̀ 12, mẹ́fà nínú wọn láti inú Àríwá. Nígbà náà, ogun ti súnmọ́lé.

Ohun méjì ni a lè fi tako ‘wọ́’. Èkíní ni pé ó gbòòrò jù: ọ̀nà a máa wọ́, igi a máa wọ́. Èyí kò ṣòro; bí a bá kọ ‘wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan’, ìtumọ̀ rẹ̀ ti dájú. Èkejì ni pé èsì amúkùn-ún lè di àwáwí, kí ẹni tí ẹrù rẹ̀ wọ́ máa tọ́ka sí ìsàlẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Òwe mìíràn ti dáhùn èyí: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ náà pé. Ó kàn so rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni, bí etí ehoro ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àgbà kò ní bèèrè ẹni tí ó jẹ̀bi kí ó tó gbé e dúró. Ọ̀rọ̀ náà ‘wọ́’, gẹ́gẹ́ bí àwọn Yorùbá ti ń lò ó, kò dúró sórí ẹ̀sùn nìkan. Ó ń pe ẹni tí ó ríran sí iṣẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ibi tí a bá ti rí ‘lopsided’ ni a ó ti kọ ‘wọ́’ dandan. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ní ènìyàn rẹ́rìn-ín lọ́nà bẹ́ẹ̀, Yorùbá yóò ní ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Jámánì fi góòlù 7 sí 1 na Brazil ní 2014, kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò sọ pé eré náà wọ́. Yóò ní eré náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Bí ohun náà bá ṣì ń mì lórí omi, ‘fì sí ẹ̀gbẹ́ kan’ yóò dára jù. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ètò tí ènìyàn ṣe, tí ènìyàn sì lè tún ṣe, ‘wọ́’ ni ó yẹ kí olùkọ́ fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì kọ ‘kò dọ́gba’, kí olùkọ́ má kàn fa ìlà pupa sí i lásán. Kí ó bi í bóyá iye ẹrù ni òǹkọ̀wé ń kà, tàbí bí ẹrù ti jókòó.